Kí La Fi Ń Díwọ̀n Irun Ọkùnrin Níbi Iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ irun orí la gbé wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí, àgàgà irun ọkùnrin tó gùn, yálà ó jẹ́ dàda, tàbí irun tí wọ́n dì mọ́lẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n kàn kó jọ tí wọ́n fi rọ́bà so sẹ́yìn orí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń gbé irú irun bẹ́ẹ̀ jáde nílé ìwé gíga. Bí ìwé ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá sì ti dé, ohun àkọ́kọ́ tí òbí máa ń sọ ni pé kí ọmọ lọ gé e. Nílé ìfowópamọ́, nílé ẹjọ́, nílé ìwòsàn àti ní ọ́fíìsì ìjọba, èrò tó gbilẹ̀ ni pé ọkùnrin tó gẹ irun rẹ̀ wálẹ̀ ló mọ́, òun ló ṣeé fọkàn tán, ẹni tí irun rẹ̀ gùn sì kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé òṣùwọ̀n yìí kò tọ́. Ìtọ́jú ló yẹ kí ọ̀gá iṣẹ́ máa wò, kó yé wo gígùn. Ibi tí iṣẹ́ bá sì ti ní ewu tirẹ̀, ewu yẹn gan-an ni kí òfin dárúkọ. Ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi ìtọ́jú díwọ̀n òun gbọ́dọ̀ ṣe ìtọ́jú náà, iṣẹ́ ibẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí èrò náà ti wá, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é látìgbà ìwáṣẹ̀ nìyí. Fífá orí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin Yorùbá, onígbàjámọ̀ sì ti wà tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, irun gígùn lórí ọkùnrin ní àyè tirẹ̀ láwùjọ, àyè náà sì jẹ́ ti iṣẹ́ àti ti ipò. Ẹ wo àwọn ìlàrí ààfin Ọ̀yọ́. Ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n, àwọn ni Aláàfin ń rán sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, ẹnu wọn sì ni àṣẹ ti ń jáde. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fá apá kan orí wọn, tí wọ́n ń fi irun àárín àtàrí sílẹ̀ kó gùn, tí wọ́n sì ń dì í dáadáa. Irun yẹn ni káàdì ìdánimọ̀ wọn: ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà ti mọ ẹni tó rán wọn. Àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó náà máa ń dirun bí ìyàwó, kò sì sẹ́ni tó rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn àti irun orí wọn tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ní ti dàda, ọmọ tó bá gbé irun ta-kókó wáyé, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin, wọn kì í fi òòyà kan irun rẹ̀, wọn kì í sì í gé e láìṣe ètùtù. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé irun gígùn lórí ọkùnrin lòdì sí àṣà Yorùbá kò tíì wo àṣà náà dé ìdí.

Èrò pé irun kúkúrú nìkan ló yẹ ọkùnrin tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ bá àwọn Òyìnbó dé ni, kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn nígbà yẹn. George Washington, ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́, tó wà lórí oyè láti 1789 sí 1797, irun gígùn tó so sẹ́yìn ọrùn ló wà lórí rẹ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, irun gígùn tí wọ́n dì sẹ́yìn wà lára ìmúra ṣọ́jà títí di 1808, ọdún tí àṣẹ jáde pé kí wọ́n gé e. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi máa gba Èkó ní 1861, irun kúkúrú ti di àṣà wọn, òun sì ni àwọn ọmọ wa bá lórí ajẹ́lẹ̀, lórí míṣọ́nnárì àti lórí ọ̀gá ilé ìwé. Ìdí wà tí irun kúkúrú fi bá ṣọ́jà mu. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin bá ti ń sùn pọ̀ ní bùdó, tí omi ò sì tó, iná á máa ti orí kan bọ́ sórí èkejì. Ìdí yẹn kò bá akọ̀wé wọ ọ́fíìsì tó ní omi ẹ̀rọ. Ẹ tún rò ó wò pé nílé ẹjọ́ wa títí di òní, wíìgì tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe ni adájọ́ àti agbẹjọ́rò ń dé láti fi iyì iṣẹ́ wọn hàn. Ayé àwọn ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tí irun wọn gùn dé èjìká ló fi wíìgì yẹn sílẹ̀ fún wa. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù jù lọ nínú iṣẹ́ ìjọba ni irun gígùn ti jẹ́ àmì ọlá.

Bí ẹnì kan bá sọ pé irun gígùn àti ìkóra-ẹni-níjàánu kì í gbélé pọ̀, kó wo ilẹ̀ Íńdíà. Ẹlẹ́sìn Sikh tó bá di ẹ̀sìn rẹ̀ mú kì í gé irun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Yóò yà á, yóò ká a sórí, yóò sì fi láwàní wé e. Òòyà wà lára àwọn ohun márùn-ún tí ẹ̀sìn náà ní kí wọ́n máa mú kiri, èyí fi hàn pé irun láìsí ìtọ́jú kò tiẹ̀ sí nínú ìlànà wọn. Irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti kún inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íńdíà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ọ̀gágun Jagjit Singh Aurora, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni àwọn ọmọ ogun Pakistan juwọ́ sílẹ̀ fún ní Dhaka ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá, 1971. Manmohan Singh, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó di mínísítà ètò ìnáwó ní 1991, tó sì jẹ́ olórí ìjọba láti 2004 sí 2014, irun tí kò gé rí ló wà lábẹ́ láwàní rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń ka ìwé ìnáwó orílẹ̀-èdè tó ní èrò jù lọ láyé lẹ́yìn China nígbà yẹn. Ní 1990, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá àpapọ̀ Kánádà náà gbà kí ọlọ́pàá Sikh máa fi láwàní ṣiṣẹ́. Wọ́n lè sọ pé ẹ̀sìn nìyẹn, kì í ṣe oge. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí irun gígùn bá ń ba iṣẹ́ jẹ́ lóòótọ́, ẹ̀sìn ẹni tó ni ín kò ní kí ó má bà á jẹ́. Bí kò bá ba iṣẹ́ Ọ̀gágun Aurora jẹ́, ìṣòro náà kò sí lára irun.

Ẹjọ́ kan wà ní South Africa tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo àríyànjiyàn lọ. Ní 2007, wọ́n lé wọ́dà ọkùnrin márùn-ún kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Pollsmoor, ní Cape Town, torí wọ́n kọ̀ láti gé dàda wọn. Ẹlẹ́sìn Rasta ni àwọn kan nínú wọn. Àwọn yòókù ní àṣà Xhosa tó jẹ mọ́ ìpè àwọn baba ńlá ló jẹ́ káwọn dá irun náà sí. Ohun tí ìjọba wí ni pé òfin ìmúra wà fún ààbò àti ìbáwí, pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ò sì jẹ́ ibi eré. Ẹjọ́ náà gòkè láti ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ títí dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù ní orílẹ̀-èdè náà, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù Kẹta 2013. Ohun méjì ni ilé ẹjọ́ náà tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn wọ́dà obìnrin ń fi dàda ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà, kò sì sẹ́ni tó lé wọn. Èkejì ni pé wọn ò rí ẹ̀rí kankan pé irun àwọn ọkùnrin náà dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ tàbí pé ó tú ìbáwí ọgbà náà ká. Ilé ẹjọ́ dá àwọn wọ́dà náà láre. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ohun àkọ́kọ́ yẹn, torí ó kàn wá níbí. Obìnrin tó ń gbowó nílé ìfowópamọ́, nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò obìnrin, òṣìṣẹ́ inú bàálù, gbogbo wọn ló ní irun gígùn tàbí wíìgì gígùn, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dì í, kí wọ́n kó o sẹ́yìn, kó má bo ojú. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n lò ó fún ọkùnrin.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ lọ sí ọ̀nà mìíràn. Ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Alabama fún obìnrin aláwọ̀ dúdú kan níṣẹ́ ní 2010, ó sì gba iṣẹ́ náà padà nígbà tó kọ̀ láti gé dàda rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ẹjọ́ náà, ọ̀gá tó ń rí sí ètò òṣìṣẹ́ ò sọ pé irun obìnrin yẹn rí wúruwùru. Ohun tó sọ ni pé irú irun bẹ́ẹ̀ máa ń padà rí wúruwùru. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn ló kó gbogbo àṣìṣe tí à ń sọ pọ̀: wọn ò wo irun tó wà níwájú wọn, irun tí wọ́n ti rò lọ́kàn ni wọ́n dájọ́ fún. Ilé iṣẹ́ náà borí ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2016. Ṣùgbọ́n ní 2019 ìpínlẹ̀ California ṣòfin tí wọ́n ń pè ní CROWN Act, tó kà á sí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà bí ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé bá fìyà jẹ ènìyàn nítorí dàda tàbí irun dídì. Ìpínlẹ̀ New York tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti ṣe tiwọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ilé ìwé kan ní Harrow kò jẹ́ kí ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wọlé ní 2009 torí irun rẹ̀ tí wọ́n dì mọ́lẹ̀. Ní 2011 ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ pé òfin náà, bí wọ́n ṣe ń lò ó láìwo àṣà ìdílé ọmọ, jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń dirun níbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìdájọ́ yẹn wà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ìmọ́tótó, òun ni mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn. Wọ́n ní irun gígùn máa ń dọ̀tí, ó máa ń rùn, iná sì lè wọ̀ ọ́. Kò sí irun tí èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé irun tí a gẹ wálẹ̀ ní àìsàn tirẹ̀. Làpálàpá orí ń ti ara ẹ̀rọ ìgẹrun tí bábà kò fọ̀ gba orí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó ń sú sí ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, tó ń di àpá líle tí kì í lọ bọ̀rọ̀, àwọn dókítà awọ ara ti so wọ́n mọ́ gígẹ irun mọ́ awọ gbẹrẹgẹdẹ lemọ́lemọ́. Abẹ tó gé ẹnì kan, tí wọ́n tún fi kan ẹlòmíràn, lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ kiri. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè sá fún bábà o. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé ìmọ́tótó kò sí nínú kíkúrú tàbí gígùn, inú ohun tí a ń ṣe sí orí lójoojúmọ́ ló wà. Ẹni tó gẹrun wálẹ̀ tí kò fọ orí fún ọ̀sẹ̀ méjì dọ̀tí ju ẹni tí dàda rẹ̀ dé ẹ̀yìn, tó sì ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Irun wa máa ń ká, epo tí awọ orí ń sun kì í sì í rọrùn fún un láti rìn dé ìpẹ̀kun irun tó bá ká. Ìdí nìyẹn tí irun gígùn tiwa fi ń gbẹ tó sì ń já, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá ní dàda tàbí irun dídì, kó máa fọ awọ orí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ó pẹ́ jù, kó fi orí ìka ra á, kó má fi èékánná họ ọ́. Ọṣẹ dúdú ń fọ orí mọ́, ṣùgbọ́n eérú tó wà nínú rẹ̀ máa ń mú irun gan. Kó fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò, kó sì fi ìpara tó ń mú irun rọ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í ṣe: gbígbẹ. Dàda ń fa omi sínú, ó sì lè dà bíi pé ó ti gbẹ lójú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tó bá so ó tàbí tó fi fìlà dé e báyẹn, tàbí tó lọ sùn lé e lórí, òun ni òórùn bíbu yóò wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Torí náà, kó fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí oòrùn wà, kó fi aṣọ ìnura fún un, kó jókòó sídìí fáànù títí yóò fi gbẹ dénú. Òróró kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìwọ̀n òrí tàbí òróró àgbọn tó lè tan àtẹ́lẹwọ́ ti tó fún awọ orí, nítorí òrí púpọ̀ a máa kó eruku, a sì máa hàn funfun nínú dàda. Àdín dára fún irun, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ le. Ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìpẹ́ funfun wẹ́wẹ́ bá ń já bọ́ sórí ẹ̀wù, ọṣẹ ìfọrun tó ní oògùn ló ń fẹ́, òróró ò lè wò ó.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ ká fiyè sí ju òórùn lọ, òun ni pé irun iwájú orí lè pá. Nígbà tí onídìrí bá fa irun le jù, tàbí tí a bá so dàda tó wúwo sókè lójoojúmọ́ láti múra fún iṣẹ́, gbòǹgbò irun tó wà létí iwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ni ìnira náà ń bá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora àti èéwo kéékèèké. Bí a bá tètè tú u, irun náà á padà hù. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, awọ ibẹ̀ á di àpá, irun ò sì ní hù mọ́. Kò sí irun tó yẹ kó dun ènìyàn débi tí yóò fi lo oògùn kó tó lè sùn. Ẹ sọ fún onídìrí pé kó dẹ ọwọ́, bó bá sì sọ pé kò ní rẹwà, ẹ wá ẹlòmíràn. Irun dídì kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí a tó tú u. Gbòǹgbò dàda tí a ń tún lọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Ẹni tó ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè máa dán, títín ló ń sọ irun náà di. Lóru, aṣọ sátínì ni kí a fi wé e, nítorí òwú ìrọ̀rí a máa fa omi ara irun, a sì máa fi búrúbúrú sílẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ojú ọ̀gá kì í pàdánù láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ní ti bí a ṣe ń fi í lọ síbi iṣẹ́, ojú kò gbọ́dọ̀ wá ènìyàn tì nínú irun náà. Kí iwájú orí hàn, kí irun má bo ojú, kí bábà fi abẹ tó mọ́ tún etí rẹ̀ àti irùngbọ̀n ṣe, torí etí irun tó gún régé ló ń sọ fún ẹni tó ń wò wá pé a mọ̀ọ́mọ̀ dá irun náà sí. Bí ó bá gùn kọjá kọ́là, kí a so ó sí ẹ̀yìn ọrùn pẹ̀lú okùn dúdú tí kò ní irin. Ẹni tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí kò tíì ṣeé so, ìgbà yẹn ló le jù. Dídì mọ́lẹ̀ ní ìlà tààrà ló máa ń gbà á là. Owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti òrùka ara dàda rẹwà, mo sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dún, wọ́n sì ń gba ojú ẹni tó yẹ kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Kó fi wọ́n sílẹ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀. Agbẹjọ́rò tí yóò dé wíìgì kò lè so irun sókè orí, wíìgì náà kò ní jókòó. Bákan náà ni ẹnjiníà tó ń dé akoto níbi ilé kíkọ́: irun tí a ká sí àárín orí kò ní jẹ́ kí akoto wọlé dáadáa, ọjọ́ tí búlọ́ọ̀kù bá já lulẹ̀ ni ó máa mọ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ni kí irú wọn so ó sí.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí ta ko ẹ̀sìn. Ìwé Kọ́ríńtì Kìíní, orí kọkànlá, bá ọkùnrin tí irun rẹ̀ gùn wí, mi ò ní fojú fo ìyẹn. Bíbélì kan náà ló sọ nípa àwọn Násírì nínú Ìwé Númérì, àwọn tí abẹ kò gbọ́dọ̀ kàn lórí torí wọ́n jẹ́ ti Ọlọ́run, Sámúsìnì sì wà lára wọn. Nínú hádíìsì tí àwọn Mùsùlùmí gbà, irun Ànábì máa ń dé etí, nígbà mìíràn a dé èjìká, ó sì kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni tó bá ní irun kó tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní kó gé irun, kó gé e tọkàntọkàn. Ohun tí kò tọ́ ni pé kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń san owó oṣù sọ ìtumọ̀ tirẹ̀ di òfin fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ní ti àwọn tó ń sọ pé ọkùnrin tó ní irun gígùn ń jọ obìnrin, mo ti dáhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó.

Àtakò àwọn oníṣòwò ló kù, ó sì ní ìtumọ̀. Wọ́n ní àwọn oníbàárà kò ní fọkàn tán ọkùnrin onídàda, pé irínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni òwe yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi lo àkókò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìfura láìwádìí gbé wa dé. Àjọ Amnesty International sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ní 2020 pé dàda wà lára ohun tí àwọn ọlọ́pàá SARS fi ń mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lójú pópó, pẹ̀lú ara fínfín àti fóònù olówó ńlá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde sígboro láti tako SARS ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ìyà tí irú ìfura bẹ́ẹ̀ fi jẹ wọ́n wà lára ohun tó lé wọn jáde. Olè tó ń jí owó nílé ìfowópamọ́ kì í lọ dirun kó tó jí i. Kóòtù àti táì ló sábà máa ń wọ̀. Bí oníbàárà bá ń bẹ̀rù irun, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ náà ṣe fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ni yóò lé ẹ̀rù náà lọ, kò sì ní lọ láéláé bí a bá ń fi irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún un. Wọlé Ṣóyínká ti gbé irun funfun rẹ̀ tó ga bí ó ṣe wù ú dé iwájú àwọn ọba ayé, títí kan Stockholm ní 1986, níbi tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, kò sì sí ẹni tó ń wá bábà fún un.

Mo gbà pé iṣẹ́ wà tí irun lè ṣekú pa ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí lè gbá irun mú kó sì bó awọ orí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ òṣèrébìnrin Veronica Lake pé kó kó irun tó máa ń bo ojú rẹ̀ kan sẹ́yìn, nítorí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ohun ìjà ń fara wé e, irun wọn sì ń wọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni fárí. Wọ́n dárúkọ ewu, wọ́n sì ní kí wọ́n so irun. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, fìlà ni. Nílé oúnjẹ, àwọ̀n irun ni. Nídìí ẹ̀rọ, síso àti bíbò ni. Bí èyí bá tó fún obìnrin, ó tó fún ọkùnrin.

Nítorí náà, òfin ìmúra tó bójú mu lè wà nínú gbólóhùn díẹ̀: kí irun òṣìṣẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, mọ́, kó má rùn, kó má bo ojú, kó wà ní síso níbi tí ẹ̀rọ tàbí oúnjẹ tàbí aláìsàn bá wà. Fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ náà ju ti ojú rere lọ, torí abala 42 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò fẹ́ kí ìjọba fi ìyà jẹ ọmọ ilẹ̀ yìí kìkì nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tàbí nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ béèrè òfin ìmúra ilé iṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí ẹni tó ti fọwọ́ sí i pé òun yóò gé irun ti fi ọ̀rọ̀ dí ara rẹ̀ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó sọ pé kí ẹ gé e, ẹ má ṣe bá ọ̀gá jà lójú àwùjọ. Ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì sọ ohun tí irun náà ń ṣe fún iṣẹ́ yín. Kí ẹ̀yin náà kọ èsì: ẹ sọ bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́, bí ẹ ó ṣe máa so ó, ẹ fi àwòrán rẹ̀ nígbà tó wà ní síso sí i, kí ẹ sì béèrè fún oṣù mẹ́ta tí wọn yóò fi wò yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé méjèèjì sílé.